Bóòtì kékeré ara jíà: ohun tó ṣẹ́ kámúṣáàfù mọ́ ẹ lọ́wọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣàgámù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìríìdọ̀m, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Mo ń ṣe ẹ́ńjìnnì Camry ọdún 1999, 5S ni. Mo ti pààrọ̀ ríìǹgì àti bẹ́ríìnì, tọ́nà sì ti bá mi sikíìmù tóòpù sìlíńdà. Kámúṣáàfù ẹ́sọ́ọ̀sì ti jẹ, mo wá ra tòkunbọ̀ l'Ékòó, òun àti àwọn kápù tó ń dì í mú. Bóòtì kékeré kan wà lára jíà ẹ̀. Mo rò pé ẹni tó tú u ló gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, mo bá yọ ọ́. Nígbà tí mo ń de kápù kẹta, mo kàn gbọ́ ‘kọ́!’ Ó ti ṣẹ́ sí méjì. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Wẹ́dà kan ní òun lè jó o pọ̀. Ẹni tó ni mọ́tò fẹ́ gbé e lọ Ojúde Ọba, ọjọ́ ò sì jìnnà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa de èyí tí mo bá tún rà tí kò fi ní ṣẹ́?”

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni nígbà tí irin bá ké lábẹ́ sípánà. Ọwọ́ á kọ́kọ́ dúró, èèyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkàn ṣì ń sọ pé bóyá nǹkan mìíràn ló dún.

Wọn ò ta ayédèrú fún ẹ. Bóòtì tí o yọ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Wo bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn. Kámúṣáàfù ni ọ̀pá tó ń tẹ fáàfù kó ṣí. Méjì ni: ti ínlẹ́ẹ̀tì wà fún fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ti ẹ́sọ́ọ̀sì wà fún èyí tí èéfín ń gbà jáde. Bẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń yí kámúṣáàfù, ti ínlẹ́ẹ̀tì ló sì ń yí. Bẹ́ẹ̀lì ò dé ọ̀dọ̀ ti ẹ́sọ́ọ̀sì rárá. Jíà tó wà lára ti ínlẹ́ẹ̀tì ló ń wọ́ ọ kiri. Tí eyín jíà méjì bá kàn wọnú ara wọn lásán, àlàfo díẹ̀ á ṣẹ́ kù láàrin wọn, wọ́n á sì máa gbá ara wọn pàkàpàkà ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n lè pa ariwo yẹn, wọ́n lẹ jíà fẹ́lẹ́ kan mọ́ ara jíà gangan ti ẹ́sọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi sípíríìnì sáàárín àwọn méjèèjì. Sípíríìnì yẹn ń ti jíà fẹ́lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí eyín ẹ̀ àti eyín jíà gangan lè fún eyín ti ínlẹ́ẹ̀tì mú lọ́tùn-ún lósì, bí àtàǹpàkò àti ìka ṣe ń mú ẹ̀pà kan ṣoṣo.

Ìyẹn dáa tí wọ́n bá ti wọnú ara wọn tán. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ ńkọ́? Eyín fẹ́lẹ́ àti eyín gangan gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí àyè tí eyín ti ínlẹ́ẹ̀tì máa gbà wọlé. Iṣẹ́ bóòtì kékeré nìyẹn. Ó ń de jíà fẹ́lẹ́ mọ́ jíà gangan kí sípíríìnì má ráyè tì í. Bóòtì 6 mm ni, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jẹ́ 1.0, gígùn ẹ̀ kì í ju 16 sí 20 mm lọ. Ẹni tó tú kámúṣáàfù yẹn kò gbàgbé nǹkan kan. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó máa tò ó padà. Bí o ṣe yọ ọ́ báyìí, sípíríìnì ti jíà fẹ́lẹ́ lọ, eyín ẹ̀ sì dí ọ̀nà. Ọ̀pá ò lè jókòó. O rí i pé ó gbé ẹ̀gbẹ́ sókè, o rò pé sípíríìnì fáàfù ló gbé e, o bá ń fi bóòtì kápù fà á wálẹ̀ tipátipá.

Irin tí alágbẹ̀dẹ bá rọ máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Kámúṣáàfù yìí kì í ṣe irin rírọ, dídà ni wọ́n dà á. Ó lè fara da ìhọra àti ìlù fáàfù fún ogún ọdún, àmọ́ kò mọ títẹ̀ rárá. Gbé èyí tó ṣẹ́ yẹn sínú oòrùn, kí o wo ojú ẹgbò ẹ̀ dáadáa. Wàá rí i pé ó rí hóró-hóró bí iyọ̀ òyìnbó, àwọ̀ eérú ni, kò sì sí ibi kankan tó ti fà gùn kó tó já. Tó bá jẹ́ pé ó ti sán tẹ́lẹ̀ kí o tó rà á, apá kan ojú ẹgbò yẹn á ti dúdú, torí ọ́ìlì á ti máa wọnú ibi tó sán látọjọ́ pípẹ́. Bí gbogbo ẹ̀ bá mọ́ bákan náà, ojú ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, ìdè ló sì ṣẹ́ ẹ. Ìdí tí mo fi ní kí o wò ó ni pé kí o má baà lọ bá ẹni tó tà á fún ẹ jà.

Ní ti wẹ́dà, má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Iná máa fa ọ̀pá yẹn wọ́, àwọn ọrùn ẹ̀ tó ń yí nínú kápù ò sì ní wà lójú ìlà kan náà mọ́ láé, kódà kí ojú má rí i. Ibi tó jó náà kò ní lágbára bí àtilẹ̀wá. Ó lè gbé ẹ dé Ìjẹ̀bú-Òde, kó wá ṣẹ́ sínú tóòpù sìlíńdà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ lálẹ́. Ọkọ̀ elérò mélòó kan ni mo ti bá lójú ọ̀nà nítorí irú àbùkù báyìí, n kì í sì í gbàgbé ojú àwọn tó wà nínú ẹ̀.

Kí o tó ra òmíràn, yẹ tóòpù sìlíńdà wò. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kámúṣáàfù yìí láti rìn síwá sẹ́yìn kéré gan-an, kò tó ìdámẹ́wàá mílímítà kan. Ìwé iṣẹ́ Toyota kìlọ̀ ẹ̀ ketekete pé dọ́gba-dọ́gba ni kí ọ̀pá yìí máa wà bí wọ́n bá ń gbé e wọlé tàbí tí wọ́n ń gbé e jáde, pé tó bá dagun, ibi tó ń gba ìtì ẹ̀ lára tóòpù sìlíńdà lè sán. Tìrẹ dagun, ó tún ṣẹ́. Nítorí náà, nu ibẹ̀ kó gbẹ, fi kẹrosíìnì pa á, jẹ́ kó mu ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nu ojú ẹ̀ mọ́ tónítóní, kí o wá fi ẹfun kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ibì kan bá sán, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ síbẹ̀ á jáde sínú ẹfun, wàá sì rí ìlà tóóró tó tutù. Bí o bá rí ìlà yẹn, tóòpù sìlíńdà tuntun ló kù, kò sí àrékérekè kankan tó lè gbà á. Bí o ò bá rí i, dúpẹ́, kí a máa bá iṣẹ́ lọ.

O sọ nǹkan mìíràn tó kọ mí lóminú: o ní òun àti kápù ẹ̀ lo rà. Àwọn kápù wo lo dè? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti de kápù mọ́ tóòpù sìlíńdà ni wọ́n máa ń lu ihò náà já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ilé iṣẹ́. Ìdajì ihò wà lára kápù, ìdajì wà lára tóòpù. Kápù tóòpù mìíràn dà bí ìdérí ìkòkò ẹlòmíràn: ó lè bò ó, kò bá a mu. Àwọn kápù tó bá mọ́tò yẹn wá ni kí o lò. Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀, àmì ọfà náà wà, ọfà yẹn sì ni kó kọjú sí ọ̀dọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀lì. Bí àwọn àtijọ́ bá ti sọ nù, má sọ fún mi pé o máa fi òmíràn dọ́gbọ́n. Gbé e lọ bá tọ́nà tó lè lu gbogbo ihò náà já padà, tàbí kí o wá tóòpù tí kápù ẹ̀ pé.

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà dán an wò, mo sì fẹ́ kí o sọ ọ́ di àṣà. Yọ gbogbo tápẹ́ẹ̀tì, ife irin tó wà lórí fáàfù, kúrò kí sípíríìnì fáàfù kankan má ta kò ọ́. Fi ọ́ìlì sí ọrùn kámúṣáàfù, gbé òun nìkan sí i láìsí ìkejì ẹ̀, de kápù ẹ̀ márààrún dé ìwọ̀n tó yẹ, kí o wá fi ìka méjì yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. Tó bá le níbì kan, tú kápù kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí wàá fi rí èyí tó ń fún un. Ìdajì wákàtí ni gbogbo ẹ̀, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn báyìí. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ṣe. Orí Peugeot 504 ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ṣẹ́, inú búlọ́ọ̀kù sì ni kámúṣáàfù tiwọn wà. Bí o bá fẹ́ tì í wọlé, o ti tú rọ́kà kúrò lókè, sípíríìnì kankan ò ta kò ó. Wàá tì í sínú ihò ẹ̀ jẹ́jẹ́, wàá fi páátì tó dá a dúró sí iwájú, ó parí. Ọwọ́ wa ò kọ́ láti bẹ̀rù ọ̀pá yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tí kámúṣáàfù ẹ̀ wà lórí fáàfù dé, ọwọ́ kan náà la fi ń dè é.

Nísinsìnyí, bó o ṣe máa tò ó. Kọ́kọ́ fọ gbogbo ojú ihò ọ́ìlì. Tọ́nà ti sikíìmù tóòpù yẹn. Ó lè dáa lójú. Mo ti ṣe tóòpù ọkọ̀ elérò kan rí, tí mo fọ ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi ń dán, n ò sì fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ inú ihò ọ́ìlì. Èérún àlùmíníọ̀mù, tín-ín-rín bí irun ojú, ti há sí ọ̀nà ọ́ìlì ọrùn kìíní. Ọkọ̀ yẹn kò dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí mo ṣí i, ọrùn kámúṣáàfù ti dú bí aró, àlùmíníọ̀mù kápù sì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àpò mi ni mo fi ra tóòpù mìíràn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí tóòpù tó ń kúrò lọ́dọ̀ tọ́nà tí n kì í fi pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ la gbogbo ihò ẹ̀ já, tí n kì í fi ọ́ìlì sí i lẹ́nu kan kí n rí i pé ó jáde lẹ́nu kejì. Fẹ́ ihò bóòtì kápù náà. Ọ́ìlì tàbí omi tó bá dúró sísàlẹ̀ ihò yẹn kò ní ibi tó máa sá sí nígbà tí bóòtì bá ń wọlé, ó sì lè la àlùmíníọ̀mù.

Ti ínlẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ wọlé. Fi gírísì pa ibi tó ń gba ìtì, fi ọ́ìlì sí gbogbo ọrùn àti àwọn lóòbù, ibi tó yọ bí ẹyin yẹn. Gbé e sílẹ̀ tí píìnì orí ẹ̀ bá wà ní nǹkan bí digírì 80 sí 115 kó tó dé òkè pátápátá. Ó nídìí. Níbẹ̀, lóòbù sìlíńdà méjì ló máa jọ tẹ fáàfù lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì gbé ọ̀pá dọ́gba, kó má baà ga lápá kan kó relẹ̀ lápá kejì. Gọ́ọ̀mù, ìba díẹ̀ lábẹ́ kápù iwájú nìkan. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ á ya wọ inú ihò ọ́ìlì, ohun tó sì ṣe ọkọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn á tún ṣe tìrẹ.

Tó bá kan ti ẹ́sọ́ọ̀sì, yí ti ínlẹ́ẹ̀tì títí píìnì ẹ̀ á fi wà ní digírì 10 sí 45 kó tó dé òkè. Rí i dájú pé bóòtì kékeré wà nínú jíà. Bí èyí tó o rà bá wá láìsí i, fi aṣọ wé ibi onígun mẹ́fà ara ọ̀pá, gbé e sẹ́nu fáìsì, yí jíà fẹ́lẹ́ títí ihò ẹ̀ àti ihò jíà gangan á fi kọjú síra, kí o sì wọ bóòtì ọ̀hún sí i. Sípíríìnì yẹn lágbára. Má fi ìka sáàárín eyín. Lẹ́yìn náà, wá àmì tí wọ́n fi ń so jíà pọ̀ lára àwọn méjèèjì, jẹ́ kí wọ́n pàdé, kí o sì máa yí ti ẹ́sọ́ọ̀sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ibùsùn ẹ̀ bí eyín ṣe ń wọnú eyín. Àmì TDC, ti òkè pátápátá, náà wà lára jíà, má fi í pe èkejì. Bí eyín bá ti wọ̀, wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ọ̀pá á jókòó, kò ní fò sókè mọ́ àfi ibi tí fáàfù bá ti gbé e díẹ̀. Bí kò bá jókòó, dúró. Ibi tí ìwọ ò ti dúró nìyẹn.

Kápù wá kàn. Fi ọwọ́ lásán wọ gbogbo bóòtì kí sípánà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí o máa lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ìlàjì ìlàjì ni kí o máa yí bóòtì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí o padà sí àárín. Máa wo àlàfo tó wà lábẹ́ kápù kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn jọ máa tín-ín-rín pọ̀. Kò sí kápù tó gbọ́dọ̀ fara kan tóòpù kí àwọn yòókù tó súnmọ́ ọn. Ìwọ de kápù kìíní dópin, o de ìkejì dópin, o wá dé ìkẹta. Kódà kí bóòtì kékeré wà níbẹ̀, ìdè bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ.

Ìwọ̀n ìkẹyìn ni 19 Nm. Bí sípánà tìrẹ bá ń ka ft-lb, 14 ni. Agbára yẹn kéré, ó kéré sí ohun tí ọwọ́ mẹkáníìkì mọ̀ sí “ó ti dè.” Bí o bá fi ọwọ́ tí o fi ń de táyà dè é, tírẹ́ẹ̀dì àlùmíníọ̀mù á bá bóòtì jáde. Jọ̀ọ́, ra tọ́ọ̀kì sípánà kékeré. Ńlá tó wà fún bóòtì tóòpù kì í ka ìwọ̀n kékeré báyìí dáadáa. Bí owó ò bá tó, kí ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù dá a pọ̀, bí a ṣe ń dá èésú. Àwọn kan á ní ọwọ́ àwọn ti mọ ìwọ̀n. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti bá àwọn kan nínú wọn yọ bóòtì tó já sínú ihò.

Ìgbà tí gbogbo kápù bá ti dè tán ni wàá wá yọ bóòtì kékeré, kí jíà fẹ́lẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Bóòtì kan náà tí o yọ níjọ́sí ni. Ìgbà tí o yọ ọ́ nìkan ni kò tọ́.

Ọ́ìlì síìlì tuntun ni kí o fi sí i, má fi ti àtijọ́ pamọ́. Tó o bá fẹ́ de bóòtì púlì, 54 Nm, ibi onígun mẹ́fà tó wà lára kámúṣáàfù ni kí o fi sípánà dì mú. Má fi bẹ́ẹ̀lì dì í, eyín bẹ́ẹ̀lì á ṣẹ́. Jẹ́ kí ihò ara púlì àti àmì ara kápù kọjú síra, kí kiránkì wà ní òdo, kí o tó gbé bẹ́ẹ̀lì lé e. Yọ púlọ́ọ̀gì, fi sípánà yí kiránkì ní yípo méjì gbáko, torí yípo méjì kiránkì ni yípo kan kámúṣáàfù, kí o tún yẹ àmì wò. Lórí 5S, písítìnì kì í gbá fáàfù bí táímìn bá yẹ̀, àmọ́ má jẹ́ kó mọ́ ẹ lára: lórí ẹ́ńjìnnì Toyota bíi 1ZZ àti 2AZ, wọ́n ń gbá ara wọn, fáàfù á sì tẹ̀.

Kámúṣáàfù tòkunbọ̀ kò ní jẹ́ kí àlàfo fáàfù rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, pàápàá nígbà tí fáàfù ti lọ sọ́dọ̀ tọ́nà. Wọn àlàfo gbogbo fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ti ínlẹ́ẹ̀tì wà láàrin 0.19 sí 0.29 mm, ti ẹ́sọ́ọ̀sì 0.28 sí 0.38 mm. Ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ tó wà lórí tápẹ́ẹ̀tì, ni wàá fi ṣe é. Èyí tó fẹ̀ jù á máa pariwo, èyí tó há jù ò ní jẹ́ kí fáàfù dé dáadáa, iná á sì jó ẹnu ẹ̀. Nínú méjèèjì, èyí tó há ni mo bẹ̀rù jù, torí kì í pariwo.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni mọ́tò ló kù. Pè é lónìí. Sọ fún un pé ọwọ́ ẹ ló ṣẹ́ kámúṣáàfù, pé ìwọ lo máa ra òmíràn. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni, ó ṣì lè bá mọ́tò ẹlòmíràn lọ láti Ṣàgámù bí iṣẹ́ ò bá tíì parí. Má jẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹṣin àwọn ẹlẹ́ṣin sáré sí ẹ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń wọn àlàfo fáàfù.

Kí o tó fi tápẹ́ẹ̀tì kọ́bà bò ó, tan iná sí i, kí o ka bóòtì kápù: mẹ́wàá fún ínlẹ́ẹ̀tì, mẹ́wàá fún ẹ́sọ́ọ̀sì. Bóòtì kékeré ni ìkọkànlélógún. Kò gbọdọ̀ sí lára jíà mọ́. Wò ó bóyá ó wà nínú àpò ẹ.